Ìgò Méje Lẹ́bàá Odò Ògùn

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni ó gbé mi dé etí odò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ìyá wa bí mi lé, ní oko àkúrọ̀ kan ní ìsàlẹ̀ Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni ó ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ilá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì ń kó wọn lọ sí ọjà láàárọ̀. Ó ti ju ogún ọdún lọ tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ni ó sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, oníbàárà rẹ̀ kan, olùkọ́ bíi tèmi ni, na ìka sí ìtí ẹ̀fọ́ rẹ̀ láàrin ọjà, ó ní, "Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ màlúù àti ìdọ̀tí Láfẹ́nwá wọ́n nìyí o. Ẹ má rà á." Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀fọ́ tí kì í tó tà tẹ́lẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó wá bá mi nílé. Kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Ìwọ tí ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ṣé omi mi dára ni, àbí kò dára?"

N kò lè dá a lóhùn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kọ́ ọmọ pé omi kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Mo wá rí i lọ́jọ́ náà pé ẹ̀kọ́ yẹn kò lè ta ìtí ẹ̀fọ́ kan.

Ọlọ́run ṣe é, àbúrò ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yẹ omi wò. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè Màmá kì í ṣe ọ̀kan, méjì ni. Omi ẹnu ọ̀tọ̀, omi oko ọ̀tọ̀. Ohun tí ó ń ba ọ̀kan jẹ́ lè má ṣe èkejì ní nǹkan kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ omi tí ó dé oko wọn, ẹ jẹ́ kí a lọ wo ibi tí ó ti ń bọ̀."

Báyìí ni ìrìn àjò wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìgò kékeré méje ni ó kó sínú àpò. Nínú ìgò kọ̀ọ̀kan ni ègé bébà kan wà tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn. Ó ní bí a bá bu omi sínú ìgò bẹ́ẹ̀ tí a sì gbé e sí ibi tí ó lóoru, bí kòkòrò inú ìgbẹ́ ènìyàn tàbí ti ẹran bá wà nínú omi náà, yóò di dúdú láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Ó kìlọ̀ fún mi pé ìdájọ́ ìkẹyìn kọ́ nìyẹn. Ẹlẹ́rìí ni ìgò náà, kì í ṣe adájọ́. Èyí àkọ́kọ́, omi tí ìyàwó mi sè títí tí ó fi hó, tí ó sì tutù tán, ni ó bù sí i. Mo bi í pé kí ni ti omi gbígbóná nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní bí ìyẹn náà bá di dúdú, a jẹ́ pé irọ́ ni bébà òun ń pa.

Odò Ògùn kì í ṣe odò kékeré. Láti àgbègbè Ṣakí lókè lọ́hùn-ún ni ó ti ṣẹ̀, ó gba ilẹ̀ ọ̀dàn Ọ̀yọ́ kọjá kí ó tó wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kí ó sì tó lọ tú sínú ọ̀sà ní Èkó. Odò Yemọja ni. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé orúkọ náà dé Kúbà àti Bùràsíìlì, òkun ni wọ́n sì fi jì í níbẹ̀, nítorí pé odò rẹ̀ kò lè bá wọn wọ ọkọ̀. Bí odò náà ti lọ́lá tó nìyí, síbẹ̀ ọwọ́ aráyé kò yé da nǹkan sínú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni a gbéra, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀yán ni a kọ́kọ́ lọ. Odò Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣàn wọ inú Ògùn ní òkè Abẹ́òkúta. Ìjọba sé e, wọ́n sì ṣí ìsédò náà ní ọdún 1983, kí Abẹ́òkúta àti Èkó má baà ṣaláìrí omi mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àgbẹ̀ sì rí omi fi bomi rin oko. Wọ́n kó àwọn abúlé kan kúrò lójú omi, wọ́n tún wọn tẹ̀ dó sí etí rẹ̀.

Nígbà tí mo rí adágún náà, ẹnu yà mí. Ó tẹ́ lọ rẹrẹ bí ẹní, ojú kò lè rí òdì-kejì rẹ̀ dáadáa nítorí ọyẹ́. Ní etí ibi tí a dúró sí, omi náà tòrò débi pé mo lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ń wẹ̀, wọ́n ń da omi síra wọn lójú, àwọn obìnrin ń fọ aṣọ lórí àpáta. Ooru ti mú mi. Mo bọ́ bàtà, mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́."

Ó fi igi kékeré tọ́ka sí ìṣáwùrú kan tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí ewé lójú omi, kò ju èékánná lọ. Ó ní ilé àtọ̀sí ajá nìyẹn. Ẹni tí àrùn náà ń ṣe yóò tọ̀ sínú omi, ẹyin aràn tí ó wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ yóò pa, ọmọ aràn náà yóò sì wá inú ìṣáwùrú lọ. Yóò gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò di ọ̀kẹ́ àìmọye, yóò tún jáde sínú omi, ojú lásán kò sì lè rí i. Kò dúró dìgbà tí ènìyàn bá mu ún. Ẹni tí ó bá ti ẹsẹ̀ bọ omi, awọ ara ni ó máa gbà wọlé sí i lára. Dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Theodor Bilharz ni ó rí aràn náà ní Íjíbítì ní ọdún 1851, orúkọ rẹ̀ ni àwọn òyìnbó sì fi ń pe àrùn náà. Àwa ń pè é ní àtọ̀sí ajá, bẹ́ẹ̀ ni ajá kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Omi tí ń sáré kò bá ìṣáwùrú yìí lára mu. Omi tí a sé, tí ó dúró jẹ́ẹ́, tí koríko hù sí etí rẹ̀, ni ó fẹ́. Nítorí náà kò pẹ́ lẹ́yìn tí adágún Ọ̀yán kún tán tí àwọn oníṣègùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí àtọ̀sí ajá lọ́pọ̀lọpọ̀ lára àwọn ọmọ abúlé etí rẹ̀. Omi tí a sé láti fi wo òùngbẹ sàn ni ó gbé e wá.

Mo wọ bàtà mi padà, mo sì dákẹ́. Ọmọ kan wà tí mo kọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, tí kì í jókòó fún wákàtí kan kí ó má tọrọ àyè láti lọ tọ̀. Mo rò pé ó ń sá fún ìṣirò ni. Mo nà án lọ́jọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ náà ń tọ̀, ojú sì ń tì í láti sọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wá sọ fún mi lẹ́yìn náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti ń di ọkùnrin ni. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, praziquantel ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ bá ti wúwo tó ni wọ́n fi ń wọn ọ́n fún un, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni a sábà máa ń lò ó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní etí adágún, ọmọ tí ń tọrọ àyè ìtọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kí ẹ tó mú pàṣán.

Àbúrò bu omi sínú ìgò kejì, ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí ó tó ṣe é. A kúrò níbẹ̀.

Ní òkè ìlú Abẹ́òkúta, ní apá Arákàngá níbi tí ìjọba ti ń fa omi odò Ògùn sínú ilé ẹ̀rọ, ó bu ìgò kẹta. Níbẹ̀ ni ó ti mú ọ̀pá oníhò kan jáde, tí a lè rí inú rẹ̀ bí awò, tí àmì dúdú kan wà ní ìdí rẹ̀. Ó ní kí n máa da omi odò sí i díẹ̀díẹ̀, kí n máa wo àmì náà láti òkè, kí n sì dúró nígbà tí n kò bá rí i mọ́. Omi kò tíì dé ìdajì ọ̀pá náà tí àmì fi sọnù. Bí omi ti rú tó ni wọ́n fi ń wọ̀n báyìí.

Mo ní, "Èyí burú ju ti Ọ̀yán lọ." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹrẹ̀ nìkan kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí, bí a bá sì da kílóríìnì sínú omi rírú, ẹrẹ̀ ni yóò jẹ kílóríìnì náà tán, kòkòrò yóò sì wà láàyè. Ìdí nìyí tí ilé ẹ̀rọ fi máa ń kọ́kọ́ da álọ́ọ̀mù sí i kí ẹrẹ̀ lè dì kí ó sì rì, kí wọ́n tó wá fi yanrìn sẹ́ ẹ, kí kílóríìnì tó tẹ̀lé e níkẹyìn. Àwọn ìyá wa tí ń ju álọ́ọ̀mù sínú àmù, ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀, ìgbésẹ̀ ìkẹyìn ni wọn kò gbé.

Láti ibẹ̀ ni odò ti wọ ìlú lọ. Ẹni tí ó bá mọ Abẹ́òkúta mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Odò Ṣókórì ń gba àárín ilé wá, ó ń kó ìdọ̀tí gọ́tà bọ̀, omi aró sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Adìrẹ ni iyì wa, n kò fẹ́ kí aláró kankan bínú sí mi. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ẹlú àti eérú ni wọ́n fi ń rẹ aṣọ, lóde òní sódà gbígbóná àti aró òyìnbó ti wọ̀ ọ́, ibi tí omi aró yìí ń dà sí kò sì jìnnà. Ní Láfẹ́nwá, ibi ìpẹran wà ní etí odò. A dúró lórí afárá. Òórùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kí wa. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bọ̀ nínú gọ́tà, ìgbẹ́ inú ẹran tẹ̀lé e, àwọn ẹyẹ lékèélékèé tò sí etí rẹ̀ bí ẹni ń retí oúnjẹ àsè. Mo ronú nípa olùkọ́ tí ó na ìka sí ẹ̀fọ́ ẹ̀gbọ́n mi. N kò lè sọ pé irọ́ ni ó pa.

Nígbà tí a dé oko, oòrùn ti yẹ̀ lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ti se ọ̀jọ̀jọ̀ dè wá. Ebè ẹ̀fọ́ rẹ̀ tò lọ gbọọrọ títí dé etí omi, ewé wọn dán, ó wu ojú. Ẹ̀rọ ìfami kékeré kan ni ó fi ń fa omi odò wá sínú kòtò, inú kòtò náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń fi agolo oníhò bu ún, tí wọ́n ń wọ́n ọn sórí ewé.

Àbúrò bu ìgò kẹrin níbẹ̀. Ó tún ti irin kékeré kan bọ inú omi, èyí tí ń sọ bí iyọ̀ ti pọ̀ tó nínú rẹ̀. Ó ní ohun tí ó ń bani lẹ́rù jù nínú omi oko ni iyọ̀, nítorí pé bí oòrùn bá fa omi lọ tán, iyọ̀ dúró sínú ilẹ̀, lọ́dọọdún ni ó ń pọ̀ sí i, títí ilẹ̀ yóò fi kọ irúgbìn. Òṣùwọ̀n tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, fi lélẹ̀ ni pé bí nọ́ńbà iyọ̀ kò bá dé 0.7, omi náà dára fún gbogbo irúgbìn. Bí ó bá ju 3 lọ, ọ̀pọ̀ irúgbìn kò lè gbà á. Ti odò Ògùn níbẹ̀ wà nísàlẹ̀ 0.7 dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? Omi mi dára!"

"Ó dára fún ilẹ̀, Màmá," ni Àbúrò wí. "Mo ṣì ń bọ̀ lórí ti inú."

Ó wá ṣàlàyé fún un. Ní ọdún 1989, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi òté kan lé omi ẹ̀gbin tí a tún ṣe fún oko: bí a bá fẹ́ fi í wọ́n ohun tí a ń jẹ ní tútù, kòkòrò inú ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ ju 1,000 lọ nínú 100 mìlílítà, èyí tí kò ju ife kékeré kan lọ. Ti omi mímu le jù bẹ́ẹ̀: ẹyọ kan kò gbọdọ̀ sí nínú ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kì í ṣe ohun tí Yorùbá ń jẹ ní tútù. A ń bọ̀ wọ́n, a ń rò wọ́n lórí iná, iná a sì pa kòkòrò. Bí ó bá jẹ́ létíìsì tàbí kùkúḿbà tí àwọn onílé oúnjẹ ń gé tútù ni Màmá ń gbìn, òun ìbá ní kí ó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Ní ti ẹ̀fọ́, ó ní kí wọ́n máa da omi sí ìdí rẹ̀ dípò orí ewé. Bí ó bá sì ku ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọn yóò já a, kí wọ́n má bomi rin ín mọ́, kí oòrùn lè pa ohun tí ó kù lára rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó tẹnu mọ́: wọn kò gbọdọ̀ ti inú odò fọ ẹ̀fọ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọjà.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Inú odò náà gan-an ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ kí ó lè dán lójú oníbàárà.

A jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ tán, òùngbẹ gbẹ wá. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní òun kì í mu omi odò, òun kì í ṣe ọ̀bùn. Ó mú wa lọ sí ìdí igi ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ebè, níbi tí ó gbẹ́ kànga kékeré kan sí, kò jìn ju ìwọ̀n àyà ènìyàn lọ. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara bí ojú ọ̀run. Ó ti ń mu ún láti ọjọ́ tí ó ti débẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń mu ún, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lóko ń mu ún pẹ̀lú. Ó bù ú sínú igbá fún mi. Ó tutù, ó sì dùn. Kí Àbúrò tó sọ̀rọ̀ mo ti mu ún tán.

Àbúrò kò sọ nǹkan kan. Ó wo ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ ìdí ọ̀pẹ, ó wo okùn garawa tí a ká sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wo ilé ìgbẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó wà lókè, tí ilẹ̀ sì dagun láti ibẹ̀ wá sí ibi kànga. Ó rọra bu ìgò karùn-ún.

Nígbà tí a padà délé lálẹ́, ó bu ìgò kẹfà láti ẹnu ẹ̀rọ omi tí ó wà nínú ọgbà wa, nítorí pé omi yọ lọ́jọ́ náà. Ìgò kan ṣẹ́kù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó lọ bu ti inú àmù tí ó wà nínú pálọ̀ mi. Mo ní kí ni ó ń wá níbẹ̀, ṣebí omi ẹ̀rọ kan náà ni. Ó ní kí ìgò má baà ṣòfò ni. Ó tò wọ́n sórí tábìlì nítòsí ilé ìdáná, a sì lọ sùn.

Ọjọ́ kejì ni a lọ sí ìsàlẹ̀ odò. N kò ní fi gbogbo rẹ̀ dá yín dúró. A dé Akútè, níbi tí wọ́n ti ń fa Ògùn kan náà lọ sí ilé ẹ̀rọ Ìjù àti ti Adíyán fún àwọn ará Èkó. Ọdún 1991 ni wọ́n ṣí ti Adíyán, wọ́n sì kọ́ ọ kí ó lè pèsè 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi lójúmọ́. Ará Èkó tí ń fi Abẹ́òkúta ṣẹ̀sín, kí ó rántí ibi tí omi rẹ̀ ti ń ṣàn kọjá. A dé Kárà, lábẹ́ afárá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí ọjà màlúù àti àgbò wà ní etí omi. Ohun tí mo rí ní Láfẹ́nwá ni mo tún rí níbẹ̀. Nígbà òjò, bí wọ́n bá ṣí omi sílẹ̀ ní Ọ̀yán, apá Ìṣẹ́rì títí dé Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú ni omi máa ń bò, tí omi kànga àti omi ṣáláńgá á sì di ọ̀kan.

Ní Agbóyì, níbi tí odò ti ń pàdé ọ̀sà, Àbúrò tún ti irin rẹ̀ bọ omi. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò kò lágbára láti ti omi iyọ̀ padà. Nọ́ńbà náà fò kọjá 3 bí ẹni tí a lé. Ọkùnrin kan tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi bi wá pé kí ni a ń wá. Nígbà tí a sọ fún un, ó ní òun kò nílò irin. Bí omi bá ti báyìí, etí ewé ẹ̀fọ́ á jó bí ẹni fi iná kàn án, àwọn á sì mọ̀ pé ó di ìgbà òjò kí àwọn tó tún gbin nǹkan. Àbúrò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Odò kan náà ni o: ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó dára fún ilẹ̀, kò dára fún ẹnu, ní ibí yìí, ilẹ̀ pàápàá kọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a wọlé. N kò bọ́ aṣọ kí n tó lọ síbi tábìlì.

Ìgò omi sísè mọ́ bí ó ti wà. Ti ẹ̀rọ omi mọ́ pẹ̀lú. Ti òkè ìlú ti pọ́n, ó ń dúdú lọ. Ti odò ní oko ẹ̀gbọ́n mi dúdú. Ti kànga tí ó mọ́ gaara, tí mo mu igbá kan nínú rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ti Ọ̀yán ni ó yà mí lẹ́nu jù: kò yí padà rárá. Àbúrò ní bébà náà kò mọ aràn àtọ̀sí ajá rí, ìgbẹ́ nìkan ni ó mọ̀. Bí a bá fi ti bébà nìkan ṣe é, a ó sọ fún àwọn ọmọ Ọ̀yán pé kí wọ́n máa wẹ̀ lọ.

Mo ka ìgò náà lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, "Mẹ́fà nìyí. Èkeje dà?"

Ìyàwó mi ti gbé e sẹ́yìn fèrèsé, ó fi aṣọ bò ó. Ti inú àmù mi ni. Ó dúdú.

Omi tí ó mọ́ ní ẹnu ẹ̀rọ, ilé mi ni ó ti bàjẹ́. Ife tí gbogbo wa fi ń bù ú, ọwọ́ ọmọ tí ó ti ilé ìgbẹ́ bọ̀ tí ó fi gbé e, ìdérí tí kò bo ẹnu àmù tán: Àbúrò ń kà wọ́n fún mi bí agbẹjọ́rò. Inú tí ó run mí ní òru ọjọ́ náà, n kò mọ̀ bóyá ti kànga ni àbí ti ẹ̀rù.

Ní ọjọ́ Ajé mo gbé ìgò karùn-ún lọ sí oko. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní omi tí bàbá wa mu kọ́ nìyẹn bí? Ó ní ọwọ́ Àbúrò ni ó dọ̀tí. N kò bá a jiyàn. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, níbi tí àpá kan wà lójúgun láti ìgbà èwe wa. Sòbìyà ni. Mo rántí bí a ti ń fi igi ká a díẹ̀díẹ̀, tí ó ń ké ní òru, tí kò sì lè rin fún oṣù méjì. Ó rí i pé mo ń wò ó.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Omi adágún yẹn náà tòrò." Ó dákẹ́. "Aṣọ ni wọ́n ní kí a fi sẹ́ ẹ. A ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti parí: a sẹ́ ẹ, ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí sòbìyà mú ní Nàìjíríà, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, WHO kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ó bi mí pé kí ni kí òun ṣe sí kànga. Mo sọ ohun tí Àbúrò rán mi: kí wọ́n mọ ẹnu rẹ̀ ga pẹ̀lú símẹ́ǹtì, kí wọ́n fi ìdérí bò ó, kí garawa kan ṣoṣo máa wọ inú rẹ̀, kí a má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n kó ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì gbé ilé ìgbẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà. Títí di ìgbà náà, kí wọ́n máa se omi títí yóò fi hó. Bí igi ìdáná bá wọ́n, kí wọ́n rọ omi tí ó tòrò sínú ìgò ike tí a lè rí inú rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ sínú oòrùn gangan fún wákàtí mẹ́fà. Bí ìkùukùu bá wà, kí ó di ọjọ́ méjì. Oòrùn, ó kúkú wà ní Abẹ́òkúta ju bí a ti fẹ́ lọ.

Ó pe ọmọ iṣẹ́ kan, ó ní kí ó tú àwọn ewúrẹ́. Ó fi okùn so ìgò dúdú náà mọ́ ara ọ̀pẹ, ní ìwọ̀n ibi tí ojú ọmọdé lè dé.

"Olùkọ́ yẹn," ni ó wí, "èmi náà yóò lọ bá a. N ó sọ fún un pé ẹ̀fọ́ mi kò ní wọ odò mọ́, kí ó máa bọ̀ wá rà á, kí ó sì lọ bọ̀ ọ́ jinná." Ó yíjú sí mi. "Àwọn ìgò yòókù ńkọ́? Ti ilé tìrẹ wà nínú wọn àbí kò sí?"

Mo ní ọkọ̀ mi ń dúró dè mí ní títì.